Ẹ Jẹ́ Kí A Wo Ẹ̀yìn: Lórí Kíkọ́ Àwọn Ọmọ Tí Ìṣirò Ń Dààmú

Ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wa lónìí, a ta aṣọ ìkéde kan sókè, a sì kọ 75 sí i gàdàgbà. Gbogbo wa ni a ń kà á bí a ti ń wọlé: márùndínlọ́gọ́rin. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó dúró láti gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí? Ogún mẹ́rin ni ọgọ́rin. Ẹni tí ó bá pe márùndínlọ́gọ́rin ti ka ogún lọ́nà mẹ́rin, ó sì ti yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀, kí ó tó pa ẹnu dé. Ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé rárá ń ṣe é lójoojúmọ́. Síbẹ̀, nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń gba abẹ́ aṣọ náà wọlé, àwọn kan wà ní SS 2 tí ó jẹ́ pé bí a bá kọ 4 × 20 − 5 sí ojú pátákó fún wọn, ojú ara wọn ni wọn yóò máa wò.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣe ìwé ìrántí yìí ní kí a kọ ọ̀rọ̀ ìṣítí. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí a kọ ọ̀rọ̀ ìṣirò dípò rẹ̀, nítorí pé ọdún mẹ́ta ni a fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò kí a tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, àti nítorí pé ó ti di ọdún mọ́kànlá báyìí tí a ti ń jókòó ní gbọ̀ngàn ìjọ wa ní ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, àti àwọn àbúrò wọn tí ẹ̀rù ìdánwò náà ti ń bà láti JSS.

Gbogbo òbí ni ó mọ ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Láti A1 títí dé C6 ni wọ́n ń pè ní kírẹ́dítì. Ọmọ tí kò bá ní i nínú ìṣirò, ìbáà gba A1 nínú Yorùbá àti nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀kùn yunifásítì ni yóò tì mọ́ ọn lójú. Ìdí nìyí tí àwọn òbí kan fi ń sanwó ńlá ní àwọn ibùdó ìdánwò tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sí ojú pátákó fún ọmọ. Àwọn ènìyàn a máa fi orúkọ iṣẹ́ ìyanu pe irú ibi bẹ́ẹ̀. Àlùfáà ni wá. A kò rí iṣẹ́ ìyanu kankan níbẹ̀.

A wọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní 1972. Ìṣirò tuntun tí wọ́n ń pè ní Modern Mathematics ni ó gbòde nígbà náà. A fa òbìrìkìtì títí ọwọ́ ń ro wá, a kó àwọn nǹkan sínú wọn, a yọ wọ́n jáde. Àwọn òbí wa ní ìwé tuntun yìí ni ó ń da orí ọmọ rú. A wà ní kíláàsì karùn-ún nígbà tí ìkéde jáde láti ìpàdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní Benin ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1977 pé kí a pa á tì. Wọ́n kó ìwé náà lọ lóòótọ́. Ìdààmú kò bá a lọ. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ tí a kọ sí èèpo ìwé ni ó ń mú ọmọ kọsẹ̀.

Ṣùgbọ́n mímọ̀ yàtọ̀ sí ṣíṣe. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ UPN ń ṣàkóso bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíràmà, ilé-ẹ̀kọ́ ń hù bí olú, olùkọ́ kò sì tó. Wọ́n mú àwa tí a kò tíì tó ọmọ ogún ọdún, tí ìwé-ẹ̀rí WASC nìkan wà lọ́wọ́ wa, wọ́n sì fi ẹfun ìkọ̀wé lé wa lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan, a pe ọmọkùnrin kan jáde sí ojú pátákó. A kọ ½ + ⅓ fún un. Ó ro ti òkè pọ̀, ó ro ti ìsàlẹ̀ pọ̀, ó kọ 2/5. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. A ní kí ó kúnlẹ̀, a sì sọ fún un pé agbárí rẹ̀ kò gba ìṣirò, kí ó tètè lọ wá iṣẹ́ ọwọ́ kọ́.

Ó lọ wá a. Kò parí ọdún náà pẹ̀lú wa.

Ní 2013, a ń kan òrùlé ilé àlùfáà ní ìjọ tí a wà. Kápẹ́ńtà tí wọ́n mú wá jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí irun rẹ̀ ti ń funfun, pẹ́ńsù há a létí. Ó wo òkè, ó na tépù, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sọ iye pákó tí a ó rà. Nígbà tí ó ń gé igi kan, a gbọ́ tí ó ń sọ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé, “Ààbọ̀ íńṣì àti kọ́tà, tírí kọ́tà nìyẹn, má gé e kọjá bẹ́ẹ̀.” A yìn ín. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Tíṣà, ẹ ò rántí mi.” Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ẹnikẹ́ni ti pè wá ní Tíṣà. Kò bínú sí wa rárá. Ìbá bínú, ìbá sàn fún wa.

Láti ọjọ́ náà ni òwe kan tí a ti ń pa láìronú ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún wa: bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ tí ó ṣubú nínú ìṣirò ń wo iwájú, ó ń wo ìdánwò tí ń bọ̀, ó ń wo ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ ni àgbà. Òun ni ó yẹ kí ó wo ẹ̀yìn, kí ó wá ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ náà ti kọ́kọ́ kọ. Nínú ohun tí a ti rí ní Sátidé wa, ó ṣọ̀wọ́n kí ibẹ̀ jẹ́ SS 2. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ ìwé kẹrin ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò lè tú ìdọ́gba tí ìdá wà nínú rẹ̀, ìdá ni kò yé e, kì í ṣe ìdọ́gba. Bí a bá sì ń fi ìdọ́gba nà án lójoojúmọ́, ojú egbò kọ́ ni a ń fi oògùn sí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí 2/5 ti ọmọkùnrin yẹn. Kí ni à bá ti ṣe? Ìbéèrè kan péré ni à bá ti bi í: “Nínú ½ àti 2/5, èwo ni ó tóbi jù?” Bí kò bá mọ̀, kí a mú búrẹ́dì kan tí a gé sí ègé mẹ́wàá ọgbọọgba. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ègé márùn-ún. Ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ègé mẹ́rin. “Ó dára. O ní ègé márùn-ún lọ́wọ́, mo tún fi búrẹ́dì kún un fún ọ, ó wá di mẹ́rin?” Ọmọ yóò rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀, ẹ̀rín yìí kò sì ní pa á lára. Ó ti rí i pé ìdáhùn náà kò lè jẹ́ òótọ́, kò sì sí ẹni tí ó pariwo mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni a ó mú búrẹ́dì mìíràn tí a gé sí mẹ́fà. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ méjì, àpapọ̀ wọn jẹ́ márùn-ún nínú mẹ́fà. Èéṣe tí a fi gé e sí mẹ́fà? Nítorí pé mẹ́fà ṣeé pín sí méjì, ó sì ṣeé pín sí mẹ́ta láìfọ́ ègé kankan. Ohun tí ìwé ń fi gbogbo ojú ewé kan ṣàlàyé nìyẹn. Kápẹ́ńtà kò ka ojú ewé náà. Orí tépù rẹ̀ ni a fa ìlà rẹ̀ sí.

Àṣìṣe ọmọ náà kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Bí ọmọ bá gba 1 nínú 2 ní ìdánwò kan, tí ó gba 1 nínú 3 ní òmíràn, àpapọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ 2 nínú 5 lóòótọ́. Ó lo òfin tí ó tọ́ sí ibi tí kò tọ́. Olùkọ́ tí ó bá mọ èyí yóò mọ ohun tí yóò sọ. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n, pàṣán ni yóò gbé.

Ọ̀rọ̀ àmì = náà wà níbẹ̀. Ẹ kọ 8 + 4 = □ + 5 fún ọmọ yín ní alẹ́ òní. Ọ̀pọ̀ ni yóò kọ 12 sínú àpótí náà, àwọn kan yóò kọ 17. Láti ìwé kìn-ín-ní ni ó ti jẹ́ pé ìdáhùn ni ó máa ń tẹ̀lé àmì yìí, nítorí náà ọmọ gbà pé ohun tí àmì náà ń wí ni pé “ìdáhùn rèé.” Robert Recorde, ará Wales, tí ó kọ́kọ́ tẹ àmì yìí jáde nínú ìwé ní 1557, ní ìdí tí ó fi yan ìlà méjì tí wọ́n gùn bákan náà: lójú tirẹ̀, kò sí ohun méjì tí ó lè dọ́gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n tí ó dúró déédéé ni àmì náà. Ohun tí ó wà lápá ọ̀tún gbọ́dọ̀ wúwo tó ti apá òsì, ìyẹn ni ó fi jẹ́ 7. Ọmọ tí èyí kò bá yé, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí à ń wá nínú x + 7 = 12? A ti kọ́ ọ pé bí 7 bá gba orí àmì náà kọjá, yóò pa àwọ̀ dà. Ó gbà á gbọ́ bí ó ti gba ìtàn ìjàpá gbọ́.

Ibi tí ó tún ń pa wọ́n jù ni àmì òdì. Ẹ fún ọmọ ogún ní 5x − (x − 3), ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kọ 4x − 3. A máa ń pàṣẹ fún wọn pé “òdì àti òdì di ìròpọ̀,” wọ́n á sì há a sórí. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, wọn a máa lò ó níbi tí kò yẹ. Ọ̀nà méjì ni a fi ń là á yé wọn ní Sátidé, méjèèjì kò sì ti òkèèrè wá.

Èkíní ni gbèsè. Ẹnì kan ní 1000 náírà nínú àpò, ó sì jẹ aládùúgbò rẹ̀ ní 300. Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an ni 700. Bí aládùúgbò náà bá wá dá gbèsè náà jì í ńkọ́? Kò sí ẹni tí ó fún un ní kọ́bọ̀ kan, àpò rẹ̀ kò wúwo sí i, síbẹ̀ ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ti di 1000. A mú gbèsè kúrò, ọrọ̀ pọ̀ sí i: 700 − (−300) = 1000. Ọmọ ìjọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ti ń gbàdúrà ìdáríjì gbèsè láti kékeré láìmọ̀ pé ìṣirò wà níbẹ̀. (A jẹ́wọ́ pé àwa náà wàásù lórí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí a tó rí i.)

Èkejì ni ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà kà. Márùndínláàádọ́ta ni 45, èyí ni àádọ́ta tí márùn-ún dín nínú rẹ̀. Bí o bá ra ọjà márùndínláàádọ́ta náírà, tí 100 sì wà lọ́wọ́ rẹ, o lè san àádọ́ta, kí wọ́n fún ọ ní ṣéńjì márùn-ún. Owó tí ó jáde jẹ́ 50; owó tí ó padà wọlé jẹ́ 5. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: 100 − (50 − 5) = 100 − 50 + 5. Márùn-ún tí ó jẹ́ yíyọ nínú àkámọ́ di ìròpọ̀ níta, nítorí pé ṣéńjì ni. Ọmọbìnrin kan tí ó ti ṣe WAEC lẹ́ẹ̀mejì wò wá nígbà tí a sọ èyí, ó ní, “Ṣé ohun tí wọ́n ń wí láti ọjọ́ yìí nìyẹn, sà?” Ìyá rẹ̀ ń ta ìpápánu lẹ́bàá ọ̀nà. Òun ni ó ń gba owó, kò sì ṣi ṣéńjì ẹnikẹ́ni fún rí. Bí oníbàárà bá ra ọjà 650, tí ó na 1000 sí i, kì í yọ nǹkan kan kúrò nínú nǹkan kan: yóò fi 50 sọ ọ́ di 700, yóò fi 300 sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún, ó ti parí. Ṣùgbọ́n ní ojú pátákó, 1000 − 650 ti mú un rí.

Kì í ṣe ní ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú èyí wà. Ní ìlú Recife ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, tọ àwọn ọmọ márùn-ún tí wọ́n ń tajà lọ, ọmọ ọdún 9 sí 15. Wọ́n rajà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń bi wọ́n léèrè iye owó. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1985, ìdá 98 nínú 100 ìdáhùn àwọn ọmọ náà ni ó tọ́ ní ìdí ọjà. Nígbà tí wọ́n mú wọn jókòó, tí wọ́n fún wọn ní ìṣirò irú kan náà gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà lásán, kò ju nǹkan bí ìdá 37 nínú 100 lọ. Ọ̀kan nínú wọn ń ta àgbọn ní 35 owó wọn lẹ́yọ kan. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mẹ́wàá. Kò fi òdo kan sí ìdí 35 bí a ti ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì. Ó mọ̀ pé mẹ́ta jẹ́ 105; ó kó mẹ́ta mẹ́ta jọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fi ẹyọ kan tí ó kù lé e, ó dé 350. Ta ni yóò sọ pé agbárí ọmọ yìí kò gba ìṣirò?

Ọ̀nà tí ọmọ náà gbà kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Adolphus Mann, òjíṣẹ́ CMS tí ó jẹ́ ará Jámánì tí ó sì gbé ní Ìjàyè, kọ̀wé ní 1887 nípa bí àwọn ènìyàn wa ti ń ka owó ẹyọ: wọn a máa fa márùn-ún márùn-ún láti inú òkìtì, ogún irú rẹ̀ a di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì a di igba. Ọwọ́ ti kà á kí ẹnu tó pè é.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin olùkọ́: ẹ má bẹ̀rù láti fi Yorùbá ṣàlàyé ìṣirò, kí ẹ tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí WAEC yóò béèrè. Ní ìgbà tiwa, ẹni tí ó bá la ẹnu sọ Yorùbá nínú kíláàsì yóò sanwó ìtanràn. A san tiwa. Ní àkókò kan náà yẹn, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odindi ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta lọ. Ìlú kan ń sanwó ìtanràn, ìlú tí ó wà nítòsí ń rí èrè lára ohun kan náà.

A mọ èsì tí àwọn olùkọ́ yóò fọ̀. Ọmọ 70 wà nínú kíláàsì, sìlábọ́ọ̀sì ń lé wọn léré, ta ni yóò máa gé búrẹ́dì? Òótọ́ ni. Ohun tí a lè dábàá kò pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní táàmù, ẹ fún wọn ní ìbéèrè mẹ́wàá láti ìwé kẹrin títí dé JSS 2, kí ẹ má sì kọ máàkì kankan sílẹ̀. Bí ẹ bá kó ìwé jọ, ẹ má tò wọ́n ní ipò kìn-ín-ní dé ìkẹyìn. Irú àṣìṣe ni kí ẹ fi pín wọn. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe 70 ìṣòro ni ó wà níwájú yín. Bóyá mẹ́rin ni, bóyá márùn-ún. Ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ mú ọ̀kan kọ sí ojú pátákó láìdárúkọ ẹni tí ó ṣe é, kí àwọn ọmọ ní méjì méjì sọ fún ara wọn ohun tí ẹni náà ń rò. Ogún ìṣẹ́jú tó. Ní ti tébù, ẹ jẹ́ kí wọ́n há a sórí o. A kò sí lára àwọn tí ó ní kí a pa á tì, nítorí ẹni tí ó ṣì ń fi ìka wá 7 × 8 kò ní ráyè ronú ohun mìíràn.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kan ni tiyín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má máa sọ lójú ọmọ pé, “Èmi náà kò mọ̀ ọ́n, ìran wa kò mọ̀ ọ́n.” Ọmọ yóò gbà á bí ogún.

Ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Kápẹ́ńtà wa ti di ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ Sátidé. Ní Sátidé kejì oṣooṣù, òun ni ó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ìdá. Yóò gbé pákó kan wá, yóò na tépù lé e lórí, yóò pe ọmọ kan jáde kí ó wá fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ó rò pé ó jẹ́. Bí ọmọ náà bá ṣì í, kápẹ́ńtà kò ní sọ nǹkan kan. Yóò gé e níbẹ̀, yóò sì ní kí ọmọ náà gbé e wò ó. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni a ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ tirẹ̀, ẹ̀yìn ni àwa máa ń jókòó sí, bẹ́ǹṣì sì pọ̀ níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ àná èyíkéyìí tí ó bá fẹ́ wá.